Àwọn Tó Tẹ̀lé Òkú Alégrà

"Ilẹ̀kùn yìí ò ní í ṣí fún àlejò lónìí o, Màdáámù Despina." Bàbá Ragab, olùṣọ́ sínágọ́gù, dúró sẹ́yìn irin ẹnu ọ̀nà. "Òkú wà nínú ilé."

Despina bojú wẹ̀yìn wo àwọn tó ń mú kiri. Wọ́n ti wo mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti wo ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kọ́pútì, ìyẹn àwọn Kìrìsìtẹ́nì Íjíbítì. Sínágọ́gù ló kàn, kí wọ́n tó parí rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Gíríìkì, níbi tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún òun fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń mú àlejò rin ìrìn yìí láàárín ìgboro Alẹkisáńdíríà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí àbúrò rẹ̀ sì ti kó lọ sí Áténì, ìrìn yìí nìkan ló kù tó ń jẹ́ kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bó bá ti délé, kẹ́kẹ́ á pa.

"Òkú ta ni?"

"Màdáámù Alégrà. Ẹni tó máa ń jókòó níwájú lọ́hùn-ún. Ó sùn, kò jí."

Despina mọ̀ ọ́n lójú. Kò sí ìgbà tó mú àlejò wá tí kì í kí obìnrin náà. Yóò mi orí sí i, obìnrin náà yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, Despina yóò sì kọjú sí àwọn àlejò, yóò rọra wí fún wọn pé, "Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ́kù nìyẹn." Kò jókòó tì í rí.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Mùsíọ̀ Viktor tó máa ka àdúrà, èmi, àti awakọ̀ tó máa gbé òkú lọ. Ọmọ rẹ̀ wà ní Bràsíìlì, kò lè tètè dé. Mọ́tò ò sì lè wọ àdúgbò yìí. Màdáámù, a ò pọ̀ tó láti gbé pósí."

Láti àárọ̀ ni Ni'mat, obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó jẹ́ ará ìlú náà láàárín àwọn àlejò, ti ń ráhùn pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, tó ti fi ìgbà kan wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro kó tó fẹ̀yìn tì.

"Sayyid! Kò sẹ́ni tó máa gbé òkú, o wá dúró bí òpó iná!"

"Ta ló ní mi ò gbé? Èjìká ló ń dùn mí."

"Ó ti san."

Ọ̀gbẹ́ni kan tó fi gíláàsì dúdú sójú rọra ní, "Ṣùgbọ́n Júù ni, àwa sì jẹ́..."

"Òkú ni," Ni'mat dá a lóhùn. "Àbí ó máa bi ọ́ pé ẹ̀sìn wo lò ń ṣe ni?"

Ọ̀gbẹ́ni náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó sì wọlé.

Bí wọ́n ṣe gbé pósí jáde nìyẹn. Onígbàjámọ̀ kan gbé ọwọ́ kúrò lórí oníbàárà rẹ̀, ó dúró wò wọ́n. Àwọn tó ń mu tíì lẹ́bàá ọ̀nà bọ́ sí ìdí pósí, wọ́n bá wọn gbé e díẹ̀, wọ́n sì padà sídìí tíì wọn láìbéèrè ẹni tó kú. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú mọ́tò, gbogbo wọn fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e dé itẹ́ òkú.

Létí sàréè, Mùsíọ̀ Viktor ṣí ìwé àdúrà rẹ̀. Ó ka díẹ̀, ó dánu dúró.

"Orúkọ ìyá òkú ni mo fẹ́ pè. Alégrà ọmọ ta ni?"

Ojú gbogbo wọn yí sí Despina. Ta ni ì bá tún mọ̀ ọ́n? Òun ló mọ ẹni tó kọ́ sínágọ́gù náà, tó mọ ibi tí wọ́n ti gbé òkúta rẹ̀ wá. 

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Mi ò bi í léèrè rí."

"Kò burú," ni Mùsíọ̀ Viktor wí. "Alégrà ọmọ Sárà ni. Sárà ni ìyá gbogbo wa." Ó ń ka àdúrà rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bo sàréè tán, kò sẹ́ni tó béèrè ṣọ́ọ̀ṣì Gíríìkì mọ́. Wọ́n ń dágbére lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku Ni'mat àti ọkọ rẹ̀.

"Ó yá, Màdáámù, ìrẹsì àti ẹja wà nílé. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti jẹun, irọ́ ni."

"Ọjọ́ mìíràn" ti wà lẹ́nu Despina. Èsì tó máa ń fún gbogbo ayé nìyẹn. Ó gbé e mì.

"Kaliopi," ó wí.

"Kí lẹ wí?"

"Orúkọ ìyá mi. Kaliopi ló ń jẹ́. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tèmi."

Ni'mat wò ó lójú, kò rẹ́rìn-ín. Ó pe orúkọ náà, ó ṣì í pè. Despina tún un ṣe fún un. Ó tún un pè, títí tó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wá gbá ọkọ rẹ̀ lápá.

"Ìwọ náà, pè é."

Sayyid ń fọwọ́ pa èjìká tó fi gbé òkú. "Kaliopi," ó wí, ó sì pè é dáadáa.

Despina fa Sayyid lọ́wọ́ aṣọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè."