Ọ̀pá Tí Bàbá Yàn

"Èyí lẹ máa gbà!"

Ìyá Fíríìjì fi ọ̀pá ìpẹja kúkúrú náà lu káńtà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìwọ̀ inú àwo fò sókè. "Ẹ máa jókòó jẹ́ẹ́, ẹ máa sọ okùn sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ sì máa mí. Ó parí!"

Bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ wo ọ̀pá náà. Ògiri ló ń wò, níbi tí wọ́n to àwọn ọ̀pá gígùn sí.

"Ọ̀pá ọmọ iléèwé nìyẹn," ni bàbá wí. "Dá a padà síbi tó wà."

Inú bí i dé góńgó. Kì í ṣe ìbínú òwúrọ̀ yẹn nìkan. Láti oṣù tó kọjá ló ti ń ru ú kiri, láti ọjọ́ tí bàbá dìde níwájú ọkọ̀ láti ju òjé tó ń fa okùn ìwọ̀ lọ sísàlẹ̀ omi, tí ejìká ọ̀tún rẹ̀ kọ̀ tí kò gòkè, tí gbogbo ara rẹ̀ sì bá òjé lọ sínú òkun. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ni Ìyá Fíríìjì dì mú tó fi fà á jáde. Nígbà tí bàbá bi omi tán, ohun àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ọ̀pá mi dà?" Kò béèrè bóyá ọmọ tó fà á jáde ṣì ń mí.

Dókítà ní ejìká yẹn kò ní lè gòkè mọ́. Bàbá kọ etí ikún. Ọmọ ní kó fi òkun sílẹ̀, ó sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, bàbá fi àáké kọ́rí, ó ní ọ̀pá mìíràn lòun ń lọ rà. Ọmọ ní kò burú, òun ló máa wa ọkọ̀ gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, òun ló sì máa yan ọ̀pá. Fíríìjì tó bà jẹ́ ló ń tún ṣe jẹun, òun ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn aládùúgbò sì máa ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń tutù.

"Èyí tẹ́ ẹ mú yẹn ò burú," ni oníṣọ́ọ̀bù wí, "àmọ́ kò dára tán." Kò-Dára-Tán lorúkọ tí àwọn apẹja sọ ọ́, nítorí kò sí ọjà tí kì í kọ́kọ́ bú kó tó tà á. "Ibi tómi ò jìn lẹ ti ń pẹja. Ẹja ibẹ̀ ń gbọ́ ìró ọkọ̀."

"Ṣé mi ò mọ̀ ni? Ìgbà wo ni mo ti ń bá wọn lọ!"

Lóòótọ́ ló mọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dúró lórí ìdákọ̀ró níbi tí omi kò jìn, ẹja á máa sá fún ìró ẹsẹ̀ lórí pákó. Ẹni tó bá ń wá ẹja gidi á dìde, á ju òjé jìnnà sọ́hùn-ún, síbi tí ìṣàn omi ti ń bọ̀, kí èékánná wáyà ara òjé lè di iyanrìn mú. Iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń jù ú, bàbá ló sì ni iwájú ọkọ̀. Á kígbe pé "Tẹrí!", ọmọ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá kúkúrú tirẹ̀, òjé á fì kọjá lókè orí rẹ̀ kó tó fò lọ. Ó ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń fá irùngbọ̀n, ó ṣì ń tẹrí.

"Tó bá jẹ́ gígùn lẹ fẹ́, ó yá!" Ìyá Fíríìjì fa ọ̀kan yọ lára ògiri, ọ̀pá kan tó ki pọ́pọ́. "Ẹ gba èyí. Kò ní ṣẹ́ láéláé."

Bàbá yínmú. "Ìyẹn á dáa fún dídábùú ilẹ̀kùn. Ìgbì á gbé ọkọ̀ sókè, orí ẹ̀ ò ní tẹ̀, á sì fa òjé tu nínú iyanrìn. Gbogbo ìgbà tí ìgbì bá ti dé ni wàá máa tún un jù. Orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ rọ̀, kó máa bá ìgbì tẹ̀, kí ìdí ẹ̀ wá le fún ẹja. Ta ló kọ́ ẹ pé ohun tó bá ti le ló lágbára?"

"Ẹ̀yin ni!" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó mọ̀. "Ẹ̀yin náà ni, Bàbá. Ẹ wo ara yín!"

Kò-Dára-Tán bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà, ó ń wá ohun tí kò sọnù. Ẹyin lohùn, Ìyá Fíríìjì mọ̀ pé ó ti fọ́. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ ju ìtìjú lọ, kò sì tọrọ àforíjì.

Bàbá fi àgbọ̀n júwe ọ̀pá kan tó gùn, tó tín-ín-rín lókè. "Gbé ìyẹn wá."

"Ìyẹn dára, àmọ́ kò dára tán," ni oníṣọ́ọ̀bù wí. "Wọn ò tíì lẹ àyè rílì, kẹ̀kẹ́ tó ń ká okùn, mọ́ ọn. Ẹ̀yin lẹ máa fi ibi tó máa wà hàn mí. Tó bá ti gan, kò ṣeé ṣí mọ́."

Wọ́n gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

"Fi ìdí ẹ̀ sí abíyá," ni bàbá wí fún ọmọ.

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ. Mo fẹ́ wo bó ṣe ń tẹ̀."

Ó fi ìkanra gbà á. Bàbá rìn jìnnà díẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì fa okùn tí wọ́n so mọ́ ṣóńṣó ọ̀pá. Orí ọ̀pá wólẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bàbá túbọ̀ fà á, ibi tó le sì gba ẹrù náà lọ́wọ́ ibi tó rọ̀. Ìyá Fíríìjì gbọ́ ọ dé egungun ìhà rẹ̀. Ọ̀pá náà dára. Ìyẹn gan-an tún bí i nínú.

"Na ọwọ́ ẹ."

Ó nà án. Kò-Dára-Tán ń ti rílì gòkè lára ọ̀pá títí ó fi bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn," ni bàbá wí. "Lẹ̀ ẹ́."

"Ẹ lẹ kí ni? Ọwọ́ Màámi ni mo jogún, ó gùn ju tiyín lọ. Tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ síbí, ọwọ́ yín ò ní tó o láyé. Ẹ wá fi sí abíyá tiyín!"

"Mo ní kó o lẹ̀ ẹ́."

Oníṣọ́ọ̀bù wo bàbá, ó wo ọmọ. Ó fi gáàmù sí i, ó wé òwú mọ́ ọn, kò sì sọ pé ohunkóhun kò dára tán. "Ẹ má mì o," ló sọ jẹ́jẹ́, "kó lè gan." Ó sì wọlé lọ.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Fíríìjì wo bàbá rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò. Kò yọ ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Kò fọwọ́ kan ìdí ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan.

"Bàbá."

"O ní kí n fi òkun sílẹ̀. Mo ti fi sílẹ̀. Iwájú ọkọ̀ ti di tìẹ."

"Ẹ lè jókòó nínú ọkọ̀..."

"Kí n máa sọ okùn sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀? Rárá o."

Ìbínú tó ru sókè nínú rẹ̀ yìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní gbogbo oṣù yẹn tó fi ń pariwo, kò fìgbà kan rò ó pé bàbá lè gbà. Agídí bàbá ló gbójú lé. Òun ló jẹ́ kí ó lè máa sọ ohunkóhun tó bá wù ú.

"Ẹ ò tiẹ̀ bá mi jà tó," ló wí. "Bàbá, ẹ bá mi jà."

Bàbá ń wo gáàmù. "Má mì," ló wí.

Kò lè gbé ọ̀pá náà sílẹ̀, kò sì lè rìn lọ bá a. Ó dúró síbẹ̀, ọ̀pá lábíyá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń sa gbogbo ipá rẹ̀ kí apá rẹ̀ má gbọ̀n.