Ìkọ́ Tí Yóò Fa Karafáànì Dé Mọ̀pà

"Ìwọ ṣáà jó bọ́ọ̀lù irin yìí mọ́ bọ́ńpà, ká gbé imú karafáànì lé e, ó parí," ni bàbá wí. "Ṣé o lè ṣe é tán kó tó di aago mẹ́rin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Akínladé dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí yóò wí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runtọ́ba ni bàbá yìí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lọ́dún 1979 yẹn. Sarah ọmọ rẹ̀ ni Akínladé fẹ́ fi ṣaya. Ó ti di oṣù mẹ́jọ tí ọmọkùnrin náà ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ọjọ́ tí àwọn òbí òun yóò wá tọrọ Sarah, ìdáhùn kan náà ló sì ń gbọ́: "A ṣì ń wò ó." Nítorí náà, bí bàbá bá ní òru ni ọ̀sán, Akínladé á ní òun ti tẹ́ ẹní.

Òyìnbó kan tó ń ṣe ọ̀nà ló ta karafáànì náà fún bàbá nígbà tó ń padà lọ sílùú rẹ̀. Ilé kékeré onítáyà méjì ni, ó ní ibùsùn, ó ní fèrèsé, ó tilẹ̀ ní sítóòfù. Lọ́rì àwọn òyìnbó ló fà á wá sí ìsọ̀ tí Akínladé ti ń jó irin ní àdúgbò Ungwan Shanu lókè Ọya, ó já a sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá fẹ́ fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ fà á lọ sí Mọ̀pà, ìlú rẹ̀, ní ìdájí ọ̀la, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ máa gbé inú rẹ̀ títí wọn yóò fi kan òrùlé ilé wọn. Gbogbo ìjọ ló ti dágbére fún.

Akínladé wọ dígí dúdú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ọkọ̀. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni bọ́ńpà náà. Bóòtù mẹ́rin péré ló dì í mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju ọmọńdinrín lọ. Ó rántí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lọ́nà, ó rántí afárá Jẹ́bà. Ó fẹ́ràn Sarah dé góńgó, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó bọ́ dígí.

"Sà, mi ò ní lè jó o."

Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "O ní kí ni?"

"Ẹ dákun, sà. Bọ́ńpà yìí ò lè fa nǹkan. Ṣasí ló yẹ ká de ìkọ́ mọ́, irin gbọọrọ tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró. Màá fi irin tó nípọn dábùú ìdí ọkọ̀, màá fi bóòtù ńlá mẹ́jọ dè é, kí n tó fi bọ́ọ̀lù sí i. Bọ́ọ̀lù tí ẹ rà yìí náà kéré. Ẹ wò ó, ó ń mì lẹ́nu karafáànì bí ẹ̀pà gbígbẹ nínú èèpo. Bí a bá kó sí kòtò kan, á fò yọ ni. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta."

"Haba! Ọjọ́ mẹ́ta! Àwọn tí wọ́n ń fi okùn lásán fa ọkọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, sà."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Kíá ló dọ̀bálẹ̀ sáàárín ẹ̀rúnrún irin.

Ojú bàbá le koko. "Àúdù tó wà ní Ungwan Dosa á jó o kí n tó mu omi tán. Ìyá Sarah! Jáde, ká máa lọ."

Ìbànújẹ́ bo Akínladé lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó dà bíi pé Sarah gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé lọ.

Ìyá Sarah ti wà nínú karafáànì látàárọ̀, ó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń tì í. Ó jáde wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí obìnrin tó sanra dáadáa ni.

"Bàbá Sarah, ṣé bọ́ńpà yìí lágbára lóòótọ́?"

"Gbọin-gbọin ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Màmá kẹ́yìn sí bọ́ńpà, ó jókòó lé e.

Bọ́ńpà ké kíì, ó wọ́, bóòtù kan já bọ́ sínú eruku. Akínladé sáré di màmá lọ́wọ́ mú kó tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mà, ẹ má bínú," ni Akínladé wí. "Ẹ̀yin fúyẹ́. Imú karafáànì wúwo jù yín lọ."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́, Bàbá Sarah, ó ní mo fúyẹ́! Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi níyàwó, ẹ ò sọ irú ẹ̀ fún mi rí!"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ tòun ti aṣọ funfun, ó wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Bàtà rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Wọ́n gbọ́ tó ń kan irin.

"Èyí ni ṣasí?"

"Òun ni, sà."

Ó pẹ́ kó tó jáde, ọ́ìlì ti ba ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ jẹ́.

"Ògiri kíláàsì kan wó nílé-ìwé mi nígbà kan," ló wí. "Ọlọ́run ló yọ wá, ọjọ́ ìsinmi ni. Gbogbo tíṣà ló ti rí i pé ó ti sán, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ fún mi. Wọ́n ń bẹ̀rù mi." Ó nu ọwọ́. "Ọjọ́ mẹ́ta lo wí?"

"Mẹ́ta, sà. Màá fi ẹ̀wọ̀n méjì kún un, kó lè dì í mú bí ìkọ́ bá yọ."

"Tó, ó dáa. Ìwọ ni wàá wà á dé Mọ̀pà."

"Èmi, sà?"

"Sọ fún àwọn òbí rẹ kí wọ́n bá wa lọ. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ̀pà la ti ń dá àwọn tó bá wá tọrọ ọmọ wa lóhùn. Bí a bá débẹ̀, ibùsùn mẹ́rin ló wà nínú karafáànì, wọ́n á ríbi sùn."

Akínladé mú téèpù ìwọnrin, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wọn ṣasí. Ibẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i, ló ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.