Oríkì Tí Sàrátù Fi Tọrẹ

Ká má parọ́, maṣíìnì ìránṣọ Oyèbísí ló ń pa Sàrátù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ọmọ àbúrò ni wọ́n, wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ìyá kan náà ní Ìlá. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1976, Olúsọjí, ẹ̀gbọ́n Oyèbísí tó jẹ́ tíṣà, rílé gbà ní kọ́tásì ìjọba. Ó mú àbúrò rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó tún ra maṣíìnì tuntun fún un. Sàrátù kí i kú oríire, ṣùgbọ́n kò ti inú rẹ̀ wá.

Kọ́tásì kì í ṣe agboolé. Olúkúlùkù tilẹ̀kùn mọ́ra, ará Ọ̀tan kò mọ ará Òkè-Ìlá. Olè ti jà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ti lu ọmọ kan lálùbolẹ̀. Níṣojú Sàrátù ni Olúsọjí ṣe kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀:

“Bí mi ò bá sí nílé, ẹni tó bá pè ọ́ ní Àbíkẹ́ nìkan ni kí o ṣílẹ̀kùn fún.”

Àbíkẹ́ ni oríkì Oyèbísí. Ẹni tó bá fi oríkì peni, ará ilé ẹni ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan bá Sàrátù lẹ́nu kànga. Ó ní maṣíìnì lòun ń tún ṣe, pé ọmọbìnrin kan ní tuntun ní kọ́tásì, ṣùgbọ́n kò gbà láti ṣílẹ̀kùn.

Sàrátù mọ̀ pé ẹnìkan kì í tún ohun tuntun ṣe. Ó mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń sọ pé kí maṣíìnì náà kúkú lọ, kí àwọn méjèèjì tún wà bákan náà. Ó gbé garawa rẹ̀ karí.

“Ẹ pè é ní Àbíkẹ́,” ó ní. “Á ṣí i.”

Kí oòrùn tó wọ̀, ariwo ti dé agboolé. Oyèbísí di maṣíìnì mú, olè sì fi irin lù ú lọ́wọ́ ọ̀tún títí ọwọ́ fi kán. Sàrátù sáré dé kọ́tásì, ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò mọ̀. Ó bá ìyá tó bí òun gan-an níbẹ̀, tó gbé orí Oyèbísí lé itan, tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò rẹ Sàrátù lẹ́kún bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò mọ irú ọkàn tí í jowú ọwọ́ kíkán, ṣùgbọ́n Sàrátù jowú rẹ̀.

“Ṣé mi ò kìlọ̀ fún ọ?” Olúsọjí bi Oyèbísí.

“Bùrọ̀dá mi, ó pè mí ní Àbíkẹ́.”

Olúsọjí wo gbogbo ará ilé tó wà níbẹ̀.

“Ta ló sọ fún un?”

Oyèbísí wo Sàrátù. Ó wò ó pẹ́.

“Ẹ má bínú, bùrọ̀dá mi,” Oyèbísí ní. “Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́ níta.”

Olúsọjí bá a wí títí ó fi sunkún. Ó yẹ kí Sàrátù kúnlẹ̀, kí ó jẹ́wọ́. Kò kúnlẹ̀. Ó dúró gbọnin sẹ́nu ọ̀nà, inú ń bí i burúkú, pé Oyèbísí tún sàn ju òun lọ.