Imú Àyálò

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni Imú-Ajá fi ń lọ síbi iṣẹ́ láìní imú. Kì í ṣe pé imú kúrò lójú rẹ̀ o. Ó wà níbẹ̀, ó gùn, ó ń gbé jìgí rẹ̀ ró bó ṣe yẹ. Òórùn ni kò gbọ́ mọ́. Ọ̀fìnkìn kan ló mú un fún ọjọ́ mẹ́rin, nígbà tí ọ̀fìnkìn náà sì ń lọ, ó kó ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, imú ni gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Imú-Ajá. Ilé ìtajà wáìnì ni. Bí wáìnì tuntun bá dé, á dà á sí gíláàsì, á yí i, á gbóòórùn rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á tu ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á wá kọ káàdì kékeré tí wọ́n máa so mọ́ ọrùn ìgò: ohun tí òórùn rẹ̀ jọ, àti oúnjẹ tó bá a mu. Àwọn oníbàárà kan wà tí wọn kì í wo orúkọ ara ìgò rárá. Káàdì ni wọ́n ń rà.

Ó lọ rí dókítà. Dókítà ní imú náà lè padà, ó sì lè má padà. Imú-Ajá dúpẹ́, ohun tóun náà ti mọ̀ kó tó wọlé nìyẹn.

Ó yẹ kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Àmọ́ ó níyàwó, ó bímọ mẹ́ta, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn ṣe. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ ló gbà lọ, ìyá àgbà tó ń bá wọn gbé, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé kan.

Ó ní, “Màmá, wọ́n ní kí àwa tá à ń tọ́ wáìnì wò máa fi ẹnu kejì kún tiwa.”

Màmá wò ó. “Ó dáa, ọmọ mi. Gbé e wá.”

Bó ṣe di iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Wọ́n á jókòó sídìí tábìlì nílé ìdáná, Màmá á sì fi ṣíbí ọbẹ̀ bu wáìnì, torí ṣíbí ló fi ń tọ́ nǹkan wò láti ìgbà èwe. Kì í tu ú. Ó ní ẹni tó bá ń tu ohun tí wọ́n fún un lójú ọkọ ọmọ rẹ̀, ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ sọ pé òun kọ́ ọmọ ọ̀hún?

Á ní, “Èyí ń rùn bí àpótí aṣọ tí wọn ò ṣí látọjọ́ ìgbéyàwó.” Imú-Ajá á kọ ọ́ sílẹ̀: igi àtijọ́, aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí.

“Kí la lè fi jẹ, Màmá?”

“Ẹran tó lọ́ràá, tó pẹ́ lórí iná. Tó bá jẹ́ ẹja lẹ gbé síwájú ẹ̀, á bú ẹja yẹn.”

Wọ́n ní rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu, ṣùgbọ́n imú àyálò yìí bá Imú-Ajá mu ju tirẹ̀ lọ. Káàdì rẹ̀ tiẹ̀ wá dùn ún kà sí i.

Àmọ́ a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Wáìnì kan tó ti bàjẹ́ nínú ìgò, tó ń rùn bí àkísà tútù, dé láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Àìkú ṣì jìnnà. Imú-Ajá gbé e sí imú, ó mi orí, ó ní ó dáa, kí wọ́n máa kó o lọ fún oníbàárà. Ilé oúnjẹ ńlá kan ni wọ́n kó o fún, ọ̀gá alásè ibẹ̀ sì kó gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó pe àwọn mẹ́ta tó ń tọ́ wáìnì wò, Imú-Ajá, Onírùngbọ̀n àti obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí. Ó ní imú kan ti kú nínú ilé yìí. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n máa tọ́ wáìnì mẹ́ta wò lójú ọ̀gá alásè. Kálukú á kọ káàdì tirẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àwọn méjì yòókù, kó máa lọ sílé rẹ̀.

Imú-Ajá bu díẹ̀díẹ̀ nínú wáìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé. Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá fi ṣíbí tọ́ wọn wò. Àkọ́kọ́ dà bí òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ẹja ló máa bá a mu. Èkejì ni wáìnì àpótí aṣọ ọjọ́sí, tó máa bú ẹja. Ẹ̀kẹta dùn nígbà tó ń wọlé, ó korò nígbà tó ń lọ, bí àlejò tó wá yá nǹkan. Ṣíìsì tó le nìkan ló lè bá a gbé. Imú-Ajá há gbogbo rẹ̀ sórí bí ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n tò sídìí tábìlì. Gíláàsì ń dán. Imú-Ajá ki imú bọ gíláàsì, ó dijú, ó mí kanlẹ̀, ó wá kọ ohun tí Màmá sọ.

Ọ̀gá ka ti Onírùngbọ̀n. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú àkọ́kọ́, ó wà nínú èkejì, ó wà nínú ẹ̀kẹta. Ẹja ni kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ jẹ. Ó ka ti Àǹtí. Ọsàn wẹ́wẹ́, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, oje ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹja, adìyẹ, ẹja. Àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ó wá ka ti Imú-Ajá látòkè délẹ̀. Kò sí ọsàn kankan níbẹ̀.

Ẹ̀rù ba Imú-Ajá. Ó rí i pé kò sí ibi tóun lè sá gbà mọ́.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ọ̀sẹ̀ méje rèé tí mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Èmi ni mo fún wọn ní wáìnì tó bàjẹ́. Ìyá ìyàwó mi ló sọ èyí tí mo kọ.”

Ọ̀gá alásè wúkọ́, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Àǹtí bu omi sínú gíláàsì mímọ́ kan fún un. Ọ̀gá alásè mu ún, ó gbé gíláàsì sókè, ó wò ó.

Ó ní, “Omi yìí náà ní ọsàn wẹ́wẹ́ nínú.”

Ọ̀gá gba gíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dìde lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ọṣẹ tuntun tí wọ́n fi fọ gíláàsì wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, wọ́n ya ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára. Òun fúnra rẹ̀ ló rà á lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó padà wá jókòó, kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀gá alásè yọ ṣíbí nínú báàgì rẹ̀, ó bu wáìnì kejì látinú ìgò. Ó gbé e sẹ́nu, ó ronú, ó tún káàdì Imú-Ajá kà. “Á bú ẹja yẹn lóòótọ́,” ni ohun tó sọ. Ó ní kí wọ́n di ogún páálí fún òun.

Ọ̀gá nu ojú. Ó ní, “Kí Màmá máa bọ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Màmá á máa sọ, ìwọ á máa kọ. Tí o bá tún parọ́ fún mi, wàá máa lọ.”

Àlùbọ́sà ni Màmá ń gé nígbà tí Imú-Ajá délé. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Màmá kò dáwọ́ dúró. “Mo ti mọ̀. Ọjọ́ tí ọbẹ̀ jóná, tí aládùúgbò wá ń kan ilẹ̀kùn, inú pálọ̀ lo jókòó sí tí ò ń ka ìwé ìròyìn. Mo bù ú fún ọ. O jẹ ẹ́ tán, o ní ó dùn.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ nǹkan kan, Màmá?”

“O ní kí n bá ọ gbé ẹrù. Ṣé kí n wá máa tú ẹrù wò lójú ọ̀nà ni?”

Omi lé ròrò sójú Imú-Ajá, àlùbọ́sà kọ́ ló fà á. Ohun tó dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀ kì í ṣe wáìnì. Ọ̀sẹ̀ méje ló ti ń wọ ilé ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà wọ ilé onílé.

Ó ní, “Màmá, báwo ni ilé wa ṣe ń rùn báyìí?”

Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó dijú, bó ṣe máa ń ṣe fún wáìnì.

“Àlùbọ́sà. Aṣọ tí ìyàwó rẹ lọ̀ láàárọ̀. Bàtà àwọn ọmọ. Àti ọkùnrin kan tí ẹ̀rù ti ń mú làágùn láti ọ̀sẹ̀ méje.”

Imú-Ajá ronú lé e. “Kí ló bá a mu, Màmá?”

“Omi àti ọṣẹ,” ni Màmá wí, ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀. “Lọ wẹ̀.”

Ó dìde, ó lọ wẹ̀.