Pọ́ǹpù Tí Owólabí Fọ̀ Lẹ́ẹ̀kan

Nígbà tí Owólabí fín ilà àgbàdo tó kẹ́yìn tán láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí sí i. Iṣẹ́ náà dára. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò, ó fi aṣọ bo imú, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín ilà bí ẹni tó pọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Oko Alájì Àrìmíyàù ni, lẹ́yìn Abobo, lójú ọ̀nà Anyama, níbi tí ilé ti ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ tí ilẹ̀ oko sì ṣì kù. Oògùn tó wà nínú pọ́ǹpù tó gbé kọ́ ẹ̀yìn kì í fọwọ́ kan àgbàdo. Èpò tí ewé rẹ̀ bá fẹ̀ nìkan ló ń pa. Tí wọ́n bá fín in lónìí, kó tó di ọ̀túnla, èpò á ti máa lọ́ bí okùn, ọrùn rẹ̀ á tẹ̀ sílẹ̀, àgbàdo á sì dúró ṣánṣán láàárín wọn bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Mahfuz ló kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Mahfuz ti pẹ́ ní Abidjan, ó sì ní ìsọ̀ tó ti ń ta oògùn oko ní Adjamé. Wẹ́dà ni Owólabí nígbà tó dé. Ilẹ̀kùn irin ló ń jó ní àdúgbò Koumassi, títí ọ̀gá rẹ̀ fi ti ìsọ̀ pa tó sì bá tirẹ̀ lọ. Oṣù méjì gbáko ni Owólabí fi jẹ atiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, láìrí ẹja fi jẹ ẹ́. Mahfuz ló fa pọ́ǹpù yìí jáde lábẹ́ tábìlì lọ́jọ́ kan, ó nu eruku ara rẹ̀, ó sì gbé e fún un láìgba kọ́bọ̀.

"Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa o," ó sọ fún un lọ́jọ́ náà. "Produit tí wọ́n ń fín sí àgbàdo yìí ò mọ̀ pé tòmátì kì í ṣe èpò. Ewé tó bá ti fẹ̀, ọ̀tá ẹ̀ ni. Tó o bá fín in tán, fọ pọ́ǹpù yìí trois fois, ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ọṣẹ, kó o sì jẹ́ kí omi ọṣẹ sùn sínú ẹ̀ mọ́jú. Má lọ fọ̀ ọ́ sódò tí àwọn èèyàn ń lò. Ọjọ́ tọ́wọ́ ẹ bá tẹ òmíràn, kí ọ̀kan jẹ́ ti èpò, kí èkejì jẹ́ ti kòkòrò. Ṣé o gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Kì í ṣe etí ni ìṣòro Owólabí.

Ó ń sọ pọ́ǹpù kalẹ̀ lẹ́bàá oko Alájì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Sàdíà ni. Rufaidah lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn fi ń pè é. Oko tòmátì tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ náà ni òun àti ọmọ náà gbójú lé. Kò sí òmíràn.

"Owólabí, kòkòrò ti fẹ́ jẹ mí tán o! Òdòdó ló ń jẹ báyìí! Òjò sì ń ṣú, tó bá rọ̀ ká tó fín in, ó parí. Vite, yára, àbúrò mi, jọ̀ọ́. Mo ti ra oògùn lọ́wọ́ Mahfuz."

Owólabí wo ojú ọ̀run. Òjò ń ṣú lóòótọ́. Ó wo kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀, kò ju ìdajì lọ. Ọṣẹ rẹ̀ wà nílé, ní Koumassi, lórí fèrèsé. Ó da omi díẹ̀ sínú pọ́ǹpù, ó mì í, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó dà á nù. Ó ki imú bọ ẹnu pọ́ǹpù, kò gbóòórùn kankan. Ó ní ó ti mọ́. Ta ló sọ fún un pé imú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n? Èmi ò mọ̀, òun náà ò mọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Sàdíà ti ń dúró. Ìgò omi kékeré kan ló nà sí i, oògùn kòkòrò ló wà nínú rẹ̀, kò sí ìwé kankan lára ìgò náà. Bí Mahfuz ṣe máa ń tà á nìyẹn fún àwọn tí agbára wọn kò ká ike ńlá: á bu díẹ̀ fún wọn sínú ìgò tó bá wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, kò yẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀. Owólabí pò ó mọ́ omi, ó fín gbogbo bẹ́ẹ̀dì tòmátì náà, ewé lókè, ewé nísàlẹ̀. Ìyá Sàdíà ń tẹ̀ lé e, ó ń ṣàdúrà fún un. Òjò náà kò tilẹ̀ rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, fóònù tún dún. Ẹkún Ìyá Sàdíà ló gbọ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Oko Alájì ló gbà kọjá lọ síbẹ̀. Àgbàdo dúró, èpò ti lọ́, ọrùn wọn ti tẹ̀, ewé wọn ti ká. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ìgbà tó dé ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Tòmátì Ìyá Sàdíà lọ́ bákan náà. Igi wọn tẹ̀, ewé wọn ká tóóró, òdòdó wọn ti já sílẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ṣàlàyé fún Owólabí. Ó ti rí i lókè, ó sì tún rí i nísàlẹ̀.

Ẹ̀rù bà á. Ó rí i pé tí òun bá là á sọ, kò ní sí ẹni tó máa pe òun sí oko mọ́ láti Abobo dé Anyama. Alájì á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, òun á sì padà sí atiéké aláìlẹ́ja. Ìyá Sàdíà di apá rẹ̀ mú.

"Mahfuz ti pa mí," ó ní. "Ayédèrú ló tà fún mi. Opó ló rí, ló bá ta ayédèrú fún mi."

Owólabí lanu. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Sàdíà."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alájì Àrìmíyàù ní Treichville. Alájì ni olórí wọn, aṣọ ló ń tà, kì í sì í gbé ohùn sókè. Ìyá Sàdíà gbé ẹ̀ka tòmátì kan kalẹ̀ sórí ẹní, ó gbé ìgò kékeré náà tì í. Gbogbo ojú yí sí Mahfuz.

"Mahfuz," Alájì ní, "kí ló wà nínú ìgò yìí?"

"Oògùn kòkòrò ni, Alájì. Ojúlówó ni."

"Ìwé ẹ̀ dà?"

"Ó wà lára bidon, ike ńlá yẹn, ní ìsọ̀. Bíbù ni mo bù ú fún wọn."

Ariwo sọ. Ọ̀kan ní àbúrò òun náà rà á rí. Òmíràn ní ìdí nìyí tí àwọn ará ìlú yìí fi ń sọ pé gbogbo Anago, ìyẹn àwa Yorùbá, ni olè. Mahfuz mú ẹ̀ka tòmátì náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi ìka na ewé tó ká náà, ewé náà tún padà ká. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú sókè. Owólabí ni ojú rẹ̀ bà lé.

"Owólabí, ṣé o fọ pọ́ǹpù yẹn kó o tó lọ sọ́dọ̀ wọn?"

"Mo fọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

Owólabí gbọ́ tí ẹnìkan ń ta ẹja yíyan níta.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ó ní. "Pẹ̀lú ọṣẹ."

Mahfuz wò ó pẹ́. Ó gbé ẹ̀ka náà padà sórí ẹní, kò sì tún béèrè nǹkan kan mọ́. Ta ló máa gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta oògùn nínú ìgò tí kò níwèé? Alájì fi ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ sọ pé kí orúkọ gbogbo wọn má baà bàjẹ́ lọ́jà, kí Mahfuz ti ìsọ̀ náà pa.

Wọ́n tì í pa lóòótọ́. Kó tó di ìparí oṣù, Mahfuz di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ẹni tó bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ibùdókọ̀ ní Adjamé. Owólabí ni. Ó gbé èyí tó wúwo jù lọ sórí, ó tò ó sábẹ́ ọkọ̀ fún un, ó sì ra omi tútù fún un pẹ̀lú. Awakọ̀ ti fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, Mahfuz kò tíì wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó di irin mú.

"Owólabí, ṣé kò sí nǹkan tó o fẹ́ bá mi sọ?"

"Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lọ́nà, ẹ̀gbọ́n."

"Àmín," Mahfuz ní, ó sì wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni oorun Owólabí ti dín kù. Ó wá di ẹni tó ń fọ nǹkan. Ó ń fọ pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń jẹ́ kí omi ọṣẹ sùn sínú rẹ̀ mọ́jú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó rò pé ìyẹn náà tó ẹ̀bẹ̀. Ó ń fi í fín àgbàdo Alájì nìṣó, torí kò tíì ra òmíràn.

Nígbà tí Ìyá Sàdíà tún gbin tòmátì, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹlòmíì tó ń fín oògùn. "Owólabí nìkan ni ọwọ́ ẹ̀ mọ́," ó ń sọ káàkiri. Ó ra oògùn kòkòrò tuntun ní ìsọ̀ mìíràn, ike tí wọ́n dí pa, tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré. Sàdíà ló ka ìwé náà fún un, lédè Faransé, ìyá rẹ̀ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Owólabí fọ pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó wá. Ó fín in. Ó lọ sílé, ó sì sùn.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Sàdíà pè é. Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí.

Owólabí bá a tó dúró láàárín bẹ́ẹ̀dì. Ewé ti ká. Igi ti tẹ̀.

"Mahfuz ò sí níbí," Ìyá Sàdíà ní. "Oògùn náà kì í ṣe tiẹ̀. Omi mi ni, ọwọ́ mi ni mo fi pò ó." Ó nawọ́ sí pọ́ǹpù tó wà lẹ́yìn Owólabí. "Kí ló kù?"

Owólabí sọ pọ́ǹpù kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Nígbà àkọ́kọ́ yẹn, láti oko Alájì ni mo ti ń bọ̀. Oògùn èpò ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fọ̀ ọ́, Ìyá Sàdíà. Kò sí ọṣẹ."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín tòmátì rẹ̀. Kò bú u. Ìbá sàn fún Owólabí ká ní ó bú u.

"Èmi ni mo gbé ẹ̀ka yẹn lọ síwájú Alájì," ó ní. "Èmi ni mo pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè." Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó pe Mahfuz, ó sì jẹ́ kí ohùn máa jáde síta.

"Ìyá Sàdíà!" Ohùn Mahfuz dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Sàdíà ńkọ́? Ṣé tòmátì yín ti so?"

Ìyá Sàdíà na fóònù sí Owólabí.

"Ẹ̀gbọ́n, Owólabí ni. Pọ́ǹpù yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fọ̀ ọ́. Mo purọ́ níwájú Alájì. Tòmátì wọn tún ti bàjẹ́ báyìí, mo sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, pẹ̀lú ọṣẹ, mo fi Ọlọ́run búra."

Wọ́n gbọ́ tí ọ̀kadà kan kọjá ní ọ̀hún.

"Rọ́bà inú pọ́ǹpù náà ni," Mahfuz ní. "Ó ti ń mu oògùn èpò yẹn sára láti ọjọ́ yìí wá, fífọ̀ ò lè yọ ọ́ mọ́. Àgbàdo nìkan ni kó o máa fi pọ́ǹpù yẹn fín." Ó ní, "Ti irọ́ tó o pa yẹn, mo mọ̀. Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti mú ẹ̀ka yẹn lọ́wọ́. Mo rò pé wàá sọ ọ́ fún mi kí ọkọ̀ tó gbéra ni."