Àkísà Inú Ọ̀pá Atẹ́gùn

Zoila tún yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ṣùgbọ́n kò gbà. Nígbà tó gbà níkẹyìn, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó tu èéfín dúdú, ó sì tún kú.

"Bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ náà nìyẹn," ni Targelia wí.

Targelia ni agbẹ̀bí àwọn abúlé orí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Alausí. Aboyún kan ń rọbí lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gun òkè Tixán bọ̀ wá sílé ìwòsàn ní ìlú Riobamba, ni agbára ọkọ̀ bá tán lójijì, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ó kú, kò sì sítáàtì dáadáa mọ́. Ẹ̀bá ọ̀nà, nínú afẹ́fẹ́ tútù, ni obìnrin náà bímọ sí. Ara ìyá ti le. Ọmọ ṣì wà nílé ìwòsàn, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ràn án lọ́wọ́ láti mí.

Àwọn mẹkáníìkì kan ti sọ fún un pé táábò, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, ló ti bàjẹ́. Kò dá a lójú, ló bá ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá sọ́dọ̀ Zoila àti ọ̀gá rẹ̀, Don Segundo, tí wọ́n ti ń bá a tún un ṣe tipẹ́.

Bátìrì lágbára. Epo ń dé ibi tó yẹ. Zoila tú ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn láti ibi fílítà tó ń sẹ́ eruku wá sẹ́nu táábò, ó fi ìka yí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀. Ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ha níbì kankan. Ó wá fi ọ̀pá náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní kí Targelia sítáàtì. Ọkọ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

A jẹ́ pé èémí ni ẹ́ńjìnnì náà ò rí mí. Bí Targelia ṣe jáde lọ pe ilé ìwòsàn, Zoila ti ọwọ́ bọ inú ọ̀pá náà. Níbi tó ti tẹ̀ kọ́rọ́, ó fa àkísà kan yọ.

Ó mọ aṣọ náà. Aṣọ fèrèsé olódòdó tí olóògbé ìyàwó Don Segundo fi sílẹ̀ ni. Bàbá, bí Zoila ṣe ń pe ọ̀gá rẹ̀, ló gé e sí àkísà fúnra rẹ̀. Nígbà tó pààrọ̀ fílítà ọkọ̀ yìí kẹ́yìn, ó fi dí ẹnu ọ̀pá kí eruku má baà wọlé, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí di ọjọ́ òkè Tixán, tí táábò fi fà á wọ ibi tóóró.

Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Ó ti pẹ́ tí Zoila ti ń dọ́gbọ́n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀. Ti fílítà nìkan ni kò yẹ̀ wò. Kò rò pé ẹnikẹ́ni lè ṣi ìyẹn ṣe. Don Segundo ló gbà á síṣẹ́ nígbà tí gbogbo mẹkáníìkì ìlú ń fi obìnrin tó fẹ́ di sípánà mú ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rọrùn kó ki àkísà náà bọ àpò.

Ṣùgbọ́n ó mú un lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

"Níbo lo ti rí i?"

"Nínú ọ̀pá atẹ́gùn, Bàbá. Ẹ jẹ́ n sọ fún Targelia pé èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀."

Ọkùnrin náà ń yí aṣọ náà lọ́wọ́. "O ti ń yẹ iṣẹ́ mi wò lẹ́yìn mi, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó yẹ kó o ti sọ fún mi." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ojú tó bá ń kú, ẹni tó ni ín ló máa ń mọ̀ kẹ́yìn."

Ó ṣí fìlà, ó jáde lọ bá Targelia. Ó ro gbogbo rẹ̀ láìgé e kúrú, kò sì fi ọjọ́ orí bẹ̀bẹ̀. Targelia wo àkísà náà títí.

"Ìyá ọmọ yẹn ò yéé bi mí pé kí ló ṣe ọkọ̀," ó ní. "Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá sọ ọ́."

"Màá lọ," ni Don Segundo wí.

Zoila dá ọ̀pá náà padà, ó dè é le. Bàbá bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó fi í kọ́ ìṣó, ó sì wọ ọkọ̀ Targelia. Zoila fọ ọwọ́, ó ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ pa, ó sì wọ ọkọ̀, ó jókòó tì í.