Bàtà Inú Sùtánà

Agogo ọwọ́ ló dún létí Fọláyẹmí. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti gbọ́ ìró rẹ̀ kẹ́yìn, agogo kékeré kan báyìí tó máa ń ké ganranran. Ìró mẹ́ta ló gbọ́, kíákíá: ẹnì kan ń bọ̀. Kò sì sí agogo kankan nínú pálọ̀ Màmá Adélékè ní Navy Town. Ọkùnrin kan tó gbé báàgì irinṣẹ́ kọ́ èjìká ló bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tó wọlé.

"Ẹ káàsán, mà," ni ọkùnrin náà wí. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Màmá, ó yíjú, ó rí Fọláyẹmí.

Oyèkànmí ni, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo.

Fọláyẹmí la ẹnu láti pè é lórúkọ, ṣùgbọ́n "Ẹ káàsán" ló jáde, bí ẹni tó ń kí àlejò tí kò rí rí.

Irọ́ kan ló dì í lẹ́nu. Nígbà àkọ́kọ́ tí Adélékè, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, mú un wá kí ìyá rẹ̀, Màmá bi í léèrè àwọn àbúrò rẹ̀. Ó wo àwọn àga tìmùtìmù, ó wo fọ́tò bàbá Adélékè nínú aṣọ ológun ojú omi lára ògiri, ó sì ní ọ̀kan lòun ní, pé ó ń kọ́ nípa òfin ní Yunifásítì Ìbàdàn. Adélékè kò tíì rí Oyèkànmí rí, òun náà gbà á bẹ́ẹ̀. Àlàbá ni Oyèkànmí wà ní tirẹ̀, ó ń tún tẹlifíṣàn ṣe. Ó sì ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn ará Navy Town wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé ìyá Fọláyẹmí.

"Ẹńjíníà, tẹlifíṣàn yìí ò fi àwòrán hàn mọ́ o," ni Màmá wí. "Ohùn nìkan ló ń mú wá. Mo kàn jókòó síwájú ẹ̀ bí afọ́jú ni."

Oyèkànmí rẹ́rìn-ín. "Ó máa ríran lónìí, mà."

"Kí lorúkọ ẹ?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀yìn tẹlifíṣàn. "Sọ́ńdè, mà."

"Ibo lò ń gbé?"

"Okokomaiko, mà."

"Ọ̀dọ̀ ìyàwó wa nìyẹn. Fọláyẹmí, ẹ ò mọra ni?"

Fọláyẹmí ń ká etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka. "Okokomaiko ti fẹ̀ jù, mà."

"Ó fẹ̀ lóòótọ́," Oyèkànmí gbè é lẹ́yìn, láìgbójú sókè. "Èèyàn lè gbé ibẹ̀ kó má mọ ará ilé kejì."

Bí Oyèkànmí ṣe máa ń ṣe é láti kékeré nìyẹn: bí Fọláyẹmí bá ti dá ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ yìí á tẹ èjìká sílẹ̀ kí wọ́n gbé e kà á.

Iba ni wọ́n ń gbé nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ iyanrìn, tí igi àgbọn pọ̀ ju ilé lọ. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá wọn ń lọ. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà, láti ilé títí dé ilé ìsìn ní Okokomaiko. Kò ṣe Fọláyẹmí ní nǹkan kan títí tó fi wọ ilé ìwé girama, tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń gbé lójú ọ̀nà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Sísí Ẹlẹ́sẹ̀ Eruku. Ó ní òun ò lọ sóòṣì mọ́.

Oyèkànmí, tó kéré débi pé sùtánà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ni wọ́n gbé agogo ọwọ́ lé lọ́wọ́ láti máa fi pe àwọn ará ìjọ lójú ọ̀nà. Òun ló wá ọgbọ́n sí i.

"Àǹtí mi, ẹ wọ bàtà yín," ló wí. "Èmi á máa lọ níwájú. Tí n bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ará ṣọ́ọ̀ṣì kan ń bọ̀ nìyẹn, kẹ́ ẹ bọ́ ọ. Tí n bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó ń bọ̀ lọ́nà."

Bí wọ́n bá súnmọ́ ilé ìsìn, Oyèkànmí á gba bàtà náà, á há a sábẹ́ abíyá nínú sùtánà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí di ọjọ́ ìsinmi kan tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nígbà àdúrà, tí bàtà já bọ́ síwájú pẹpẹ. Sáńdà obìnrin ni, òdòdó pupa sì wà lórí rẹ̀.

"Ta ló ni èyí?" Alàgbà Àyàndélé bèèrè.

Fọláyẹmí wo ilẹ̀.

"Tèmi ni, sà," Oyèkànmí dáhùn.

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà títí ìsìn fi parí, àwọn ọmọdé sì ń pè é ní Sisita fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Fọláyẹmí ló ń sunkún, ẹni tó jìyà ló ń pẹ̀tù sí i nínú. "Ẹ dákẹ́, Àǹtí mi. Ẹ ò rí i pé bàtà yẹn yẹ mí." Ó wá ń fi ìdí jó níwájú rẹ̀ bíi sisita tó wọ bàtà tuntun, títí ẹ̀rín fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ti ríran," Màmá pariwo. Àwòrán ti yọ lójú tẹlifíṣàn. "Fọláyẹmí, bu ìrẹsì fún Ẹńjíníà lẹ́yìnkùlé."

Ó bá a níbi tó jókòó lé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, lábẹ́ aṣọ tí wọ́n sá. "Oyè," ló pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Oyèkànmí gbójú wo fèrèsé kíṣìnnì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo. "Ẹ ṣé, mà."

Ó jẹun díẹ̀, ó fọ àwo náà fúnra rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Fọláyẹmí gba Àlàbá lọ. Ṣọ́ọ̀bù Oyèkànmí wà ní títì. Sùlè, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta wáyà, wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni Àǹtí mi Tíṣà? Ó ti fi yín yangàn lójú wa tó. 'Àǹtí mi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Ojo, Àǹtí mi ń lọ sílé ọkọ.' Etí wa ti fẹ́ di."

"Níbo ló wà?"

"Badagry. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa dé."

"Sátidé yìí ni àwọn àna ń bọ̀."

"Ó mọ̀. Ẹ wo aṣọ tó rán fún ọjọ́ náà." Sùlè nawọ́ sí bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tí wọ́n fi kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. "Dẹ́rẹ́bà kan ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ni kí n ní ẹ wí?"

Fọláyẹmí kò lè gbé ojú kúrò lára aṣọ náà. "Ní kó sọ fún un pé mo ti sọ fún Màmá."

"Ẹ ti sọ ọ́?"

"Ibẹ̀ ni mò ń lọ báyìí."

Ní Navy Town, orí ìkúnlẹ̀ ló wà tó fi rò ó fún Màmá Adélékè. Màmá na ọwọ́, ó pa tẹlifíṣàn.

"Àna mi ni mo ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún lẹ́yìnkùlé."

"Ẹ ò mọ̀, mà. Ẹ̀bi yín kọ́."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀bi mi kọ́. Ìwọ lo gbé àwo náà lọ."

Màmá fi ọwọ́ ní kó dìde.

"Wàá fi ẹnu ara ẹ sọ fún Adélékè. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́," ni Màmá wí. "Ní ti Sátidé, a máa wá. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe ọmọ yẹn ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà yín, inú mọ́tò ni màá jókòó sí."

Adélékè gbọ́ ọ, kò bínú, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Kò sí ìró kankan láti Badagry. Láàárọ̀ Sátidé, ìyá wọn, tí kò mọ nǹkan kan, ń bèèrè lẹ́nu ìkòkò pé níbo ni Oyè wà, ta ni yóò dúró pàdé àwọn àna. Fọláyẹmí ń gbá iwájú ilé, ó ń tún ibi tó ti gbá gbá.

Ọ̀kadà kan dúró. Sùlè ló bọ́ sílẹ̀, ó gbé aṣọ inú ọ̀rá yẹn lé apá.

"Dẹ́rẹ́bà ti dé," ló wí. "Oyè ní kí n gbé aṣọ òun wá síbí. Ó tún fi iṣẹ́ kan rán mi, mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí o, bó ṣe wí i náà ni mo ṣe ń wí i."

Fọláyẹmí di ọwọ̀ mú. "Kí ló wí?"

"Ó ní, 'Ẹ sọ fún Àǹtí mi pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ lọ́nà àfi èmi. Kí wọ́n má bọ́ bàtà.'"